Aago tòkunbọ̀ ẹlẹ́yìn gíláàsì: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

ỌmọÌkòròdú · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Mo rí aago ọwọ́ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta aago tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà. Seiko 5 ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SNK809. Ojú rẹ̀ dúdú, nọ́ńbà ìṣẹ́jú ló wà létí, ti wákàtí wà nínú róbótó kékeré láàárín. Kò lo bátìrì. Nígbà tí ọkùnrin náà dojú rẹ̀ dé, mo rí gíláàsì lẹ́yìn rẹ̀. Irin kan tó rí bí ìdajì òṣùpá ń yí bó ṣe ń mi ọwọ́, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì wà lábẹ́ irin náà tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ọkàn ọmọ tuntun. Kí n má purọ́ fún yín, ó wọ̀ mí lára.

₦85,000 ló ń bèèrè. Kò sí páálí, kò sí ìwé. Nígbà tí mo bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé inú ẹ̀ dáa, ó ní, "Ṣebí gbogbo inú ẹ̀ náà lò ń wò yẹn, kí ló tún kù?"

Seiko 5 ni bàbá mi wọ̀ títí wọ́n fi jí i mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ti bàbá mi kò ní gíláàsì lẹ́yìn, irin ni. Mo ti ń tọ́jú owó yìí láti oṣù kẹta, n kò sì fẹ́ kó bọ́ sómi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni kí n wò?

---

Oníṣẹ́Aago_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, o káre tó o bèèrè kó o tó sanwó. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún aago ṣe, ọ̀dọ̀ bàbá tó bí mi ni mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Kì í ṣe gbogbo inú aago lò ń rí. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà nìkan lò ń rí. Àwọn irin tó ń yí déètì àti orúkọ ọjọ́ wà lábẹ́ ojú aago, ní òdìkejì. Sípíríǹgì ńlá tó gbé agbára aago dúró wà nínú àgbá kékeré tó ní ọmọrí. Òróró tó wà lójú ihò àwọn òkúta pupa kéékèèké tí irin ẹ̀rọ ń yí nínú wọn, bíńtín ni, ojú lásán kò lè sọ bóyá ó ti gbẹ. Mo ti tú aago tó ń dán bí ojú omi, tí òróró inú rẹ̀ ti di gọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ohun tí gíláàsì náà bá fi hàn ọ́, gbà á. Bá mi wo nǹkan wọ̀nyí lójú mọ́mọ́, má ṣe wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù:

Wo orí àwọn síkúrù. Ojú ilà tí a ń ti síkúrù-dírẹ́fà bọ̀ gbọ́dọ̀ mú dáadáa. Tó bá ti fẹ́, tó sì ya létí, ẹni tí kò mọṣẹ́ ti wọ inú ẹ̀. Wo etí irin gbogbo, pàápàá lápá ibi tí kókó ẹ̀gbẹ́ aago wọlé sí, nítorí ibẹ̀ ni òógùn àti omi sábà máa ń gbà. Tó o bá rí àwọ̀ pupa rúsúrúsú níbẹ̀, ìpẹtà ni, má bá a dúnàádúrà mọ́. Wo abẹ́ irin ìdajì òṣùpá yẹn bó ṣe ń yí. Rọ́tọ̀ là ń pè é. Tó o bá rí ilà dídán tó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́ lára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ń ha á nìyẹn, ibi tí rọ́tọ̀ fi ń yí ti jẹ. Mì í létí rẹ díẹ̀. Ìró fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kò burú, àmọ́ tó bá ń ró kọ́lọ́kọ́lọ́, ó ti tú.

Lẹ́yìn náà, wo etí irin tó yí gíláàsì náà ká. Àwọn ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí a fi ń ṣí i. Tí wọ́n bá ti ha, wọ́n ti ṣí i rí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí aago tí a ń tọ́jú gbọ́dọ̀ di ṣíṣí. Ṣùgbọ́n bi í pé ta ló ṣí i, kí ló sì ṣe níbẹ̀.

Wàyí o, èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ tí Seiko fi sínú SNK809 ni 7S26, olókùúta 21. Ìgbà 21,600 ló ń lù láàárín wákàtí kan, ìyẹn mẹ́fà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ní ìwà méjì tó o lè fi dá a mọ̀ láìṣí i. O kò lè fi kókó wá a, ìyẹn ni pé kó o yí kókó kó lè gba agbára; ọwọ́ tó ń mì nìkan ló ń fún un lágbára. Bákan náà, tó o bá fa kókó jáde láti tún àkókò ṣe, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kì í dúró, á máa lọ ni. Lọ dán méjèèjì wò, kó o wá sọ ohun tó o rí fún mi.

---

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí ọmọ yìí má bàa ṣe irú àṣìṣe mi.

Nígbà tí ọkọ mi pé 50, mo ra aago ẹlẹ́yìn gíláàsì fún un lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ mọ́, kò sí ìpẹtà, síkúrù dáa. Gbogbo wa nílé ló kó o kiri tí à ń wò ó. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lóru. Ọkọ mi á bọ́ ọ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, aago á ti kú. Wọ́n ní bóyá kì í rìn tó lójúmọ́ ni. Àgbẹ̀ ni ọkọ mi! Àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń lo ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí a gbé e lọ fún oníṣẹ́, ó ní òróró ti gbẹ tán, sípíríǹgì ńlá náà sì ti rẹ̀. Owó iṣẹ́ ku díẹ̀ kó tó iye tí mo rà á. Nítorí náà, àbúrò, má dúró nídìí ọkùnrin yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Tó bá ṣeé ṣe, sọ fún un pé kó o fi owó dúró, kó o gbé aago náà sùn lọ́jọ́ méjì. Ohun tí ojú kò rí, òru á fi hàn.

---

Tóbá_Pẹ́kàmù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. 7S26 tí sípíríǹgì rẹ̀ kún yẹ kó lọ tó nǹkan bíi wákàtí 41. Wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bọ́ ọ, kọ àkókò sílẹ̀, kó o wá wo ìgbà tó máa dúró.

Nípa ìṣedéédéé rẹ̀, má retí ti fóònù. Ohun tí Seiko fúnra wọn kọ fún 7S26 ni pé ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 rẹ̀yìn tàbí kó fi 40 ṣáájú lójúmọ́. Tó bá ń fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan sáré lójúmọ́, ó ṣeé ṣe kí mágínẹ́ẹ̀tì ti mú un. Ṣí kọ́ńpáàsì lórí fóònù rẹ, gbé aago náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Tí ọwọ́ kọ́ńpáàsì bá fò sọ́tùn-ún sósì, mágínẹ́ẹ̀tì ni. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ńlá, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni lọ́dọ̀ oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ ọ́.

Ojú aago náà ńkọ́? A máa ń gbàgbé rẹ̀ tí ẹ̀yìn bá ti gbà wá lọ́kàn. Seiko 5 àtijọ́ tí wọ́n tún kùn pọ̀ lórí ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti Mumbai ní Íńdíà wá. Ọ̀dà tuntun, àwọ̀ tí Seiko kò ṣe rí, lẹ́tà tó wú, ọwọ́ aago tí kò bá ojú rẹ̀ mu. Wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi nọ́ńbà 6. Àwọn lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín wà níbẹ̀ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7S26. Irú nọ́ńbà kan náà wà lára irin ẹ̀yìn. Tí ojú bá ní ẹ̀rọ kan, tí ẹ̀yìn ní òmíràn, wọ́n ti kó oríṣiríṣi pọ̀.

Nọ́ńbà mẹ́fà kan tún wà lára irin ẹ̀yìn. Èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, èkejì ni oṣù: 1 sí 9, O fún oṣù kẹwàá, N fún ìkọkànlá, D fún ìkejìlá.

---

Káyọ̀dé_UI · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ẹnì kan ń ta Rolex Submariner tòkunbọ̀ fún mi, ó ní gíláàsì lẹ́yìn, inú rẹ̀ ń tàn wúràwúrà. Ó ní irú èyí ṣọ̀wọ́n.

---

Tóbá_Pẹ́kàmù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Káyọ̀dé, má san kọ́bọ̀ kan. Submariner kò ní ẹ̀yìn onígíláàsì rí láti ọ̀dọ̀ Rolex. Irin gbọnrangandan ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n gbé aago wọn tó ń jẹ́ 1908 jáde pẹ̀lú ẹ̀yìn onígíláàsì, Daytona onípílátínọ́ọ̀mù, aago Rolex mìíràn, náà sì gba tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò kan Submariner. Gíláàsì tí wọ́n fi ń tàn ọ́ yẹn gan-an ló tú àṣírí wọn.

---

ỌmọÌkòròdú · Ọjọ́ Bọ̀, 7:22 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, mo padà lọ sí Ìkẹjà lónìí. Mo mú gíláàsì tí ìyá mi fi ń ka Bíbélì dání, mo sì gbé aago náà jáde síta nínú oòrùn. Ohun tí mo rí nìyí.

Orí síkúrù gbogbo mọ́. Kò sí ìpẹtà. Rọ́tọ̀ kò ha nǹkan kan. Ihò kan nínú àwọn ihò ẹ̀yìn ti ya, bíi pé irinṣẹ́ yọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣí i lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ ojú aago bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7S26, irin ẹ̀yìn náà sọ 7S26. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ìyẹn á jẹ́ oṣù kọkànlá 2005 tàbí 2015.

Ibi tó ti rú mi lójú rèé. Nígbà tí mo fa kókó jáde, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá dúró jẹ́ẹ́. Mo tì í padà, mo yí i síwájú, mo gbọ́ ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èékánná ń ha òòyà, mo sì rí i láti ẹ̀yìn pé irin kan ń yí bí mo ṣe ń yí kókó. Mo wá fi gíláàsì ìyá mi wo ara ẹ̀rọ náà dáadáa. 24 ni mo rí níbi tí wọ́n kọ iye òkúta sí, kì í ṣe 21.

Nǹkan kan tún wà tí n kò mọ̀ bóyá ó já mọ́ nǹkan. Orúkọ ọjọ́ tó wà nínú fèrèsé kò tẹ́jú. Ó dagun díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè.

---

Oníṣẹ́Aago_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Bọ̀, 8:03 alẹ́

Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀, ọmọ mi. Ojú rẹ mú.

7S26 kọ́ ló wà nínú aago yẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Èyí tó ń dúró tí a bá fa kókó, tó ṣeé wá, tó ní òkúta 24, NH36 ni. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú 4R36 tí Seiko ń fi sínú Seiko 5 Sports ti 2019 wá síbí, NH36 ni orúkọ èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn aláago mìíràn. Ó bá ilé 7S26 mu, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń fi í rọ́pò.

Orúkọ ọjọ́ tó dagun yẹn ló jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì. Wo ibi tí kókó SNK809 wà, kò sí ní iwájú nọ́ńbà 3 bíi ti ọ̀pọ̀ aago. Ó rọ̀ sísàlẹ̀, ó sún mọ́ 4. Ẹni tó ra NH36 tí wọ́n ṣe fún kókó iwájú 3, tó wá yí i kí kókó lè bọ́ sí ihò, déètì àti ọjọ́ á bá a yí, wọn á dagun. Oníṣẹ́ gidi á pààrọ̀ àwo déètì àti ti ọjọ́ kó tó dé ojú aago. Ẹni tó ṣe tìrẹ kò ṣe é. Ó kánjú.

---

Awakọ̀_Ṣágámù · Ọjọ́ Bọ̀, 8:40 alẹ́

Sá! Ayédèrú ni. Ẹni tó lè pààrọ̀ ẹ̀rọ láìsọ fún ènìyàn, kí ni kò ní ṣe?

---

Tóbá_Pẹ́kàmù · Ọjọ́ Bọ̀, 9:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò pè é ní ayédèrú. Ẹ̀yin lẹ mọ mọ́tò. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí Camry, tí ẹ́ńjìnnì náà sì dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mọ́tò náà kò di ayédèrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá ìwé mu mọ́, ẹni tó ń ra mọ́tò láti lò ó fún ogún ọdún kò sì ní san owó kan náà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni aago yìí. Fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, NH36 sàn jù, torí ó ṣeé wá, ó sì ṣeé tún àkókò rẹ̀ ṣe dé ìṣẹ́jú-àáyá. Fún ẹni tó fẹ́ SNK809 bó ṣe jáde nílé Seiko, kò sí i mọ́.

---

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Bọ̀, 9:31 alẹ́

Àbúrò, bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ inú ẹ̀?" Tí kò bá mọ̀, tó sì gbà láti dín owó rẹ̀, bá a ṣe é. Tó bá ń jiyàn ohun tí ojú rẹ rí, yí ẹ̀yìn padà. Èmi kò lè ra ohun tí mo fẹ́ fẹ́ràn lọ́wọ́ ẹni tó ń pe ojú mi nírọ́.

---

Awakọ̀_Ṣágámù · Ọjọ́ Bọ̀, 9:58 alẹ́

Àpẹẹrẹ ẹ́ńjìnnì yẹn wọlé. Mo gbà. Àmọ́ ₦85,000 pọ̀ jù fún un.

---

ỌmọÌkòròdú · Ọjọ́ Àìkú, 5:18 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rà á o. Ẹ jẹ́ kí n rò fún yín.

Mo bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè Ìyá Ìbejì ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó dákẹ́, ó fa kókó náà fúnra rẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá dúró, ó mú SNK mìíràn nínú àpótí, ó fa tìyẹn, kò dúró. Ó ní bó ṣe rà á nínú ẹrù nìyẹn, òun kò fojú sí i rí. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ló ń sọ. ₦60,000 la parí rẹ̀ sí.

Láná, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, mo wá bàbá lọ sí Dùgbẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú mi. Ohun tí gíláàsì kò fi hàn wá ni rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ irin ẹ̀yìn, èyí tó ń dá omi dúró. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀mú fà á, kò nà, ṣe ló já sí wẹ́wẹ́ mẹ́ta bí okùn gbígbẹ. Ọjọ́ tí òjò bá pa mí nínú aago yìí, omi ì bá wọlé, a ò bá sì máa wò ó láti ẹ̀yìn bó ṣe ń pẹtà. Bàbá fi tuntun sí i, wọ́n fi jẹ́lì pa á.

Wọ́n wá fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, wọ́n mú 7S26 kan tó ti kú, tí kókó rẹ̀ wà lápá 4, wọ́n yọ àwo déètì àti ti ọjọ́ rẹ̀, wọ́n fi sínú tèmi. Ọjọ́ ti tẹ́jú báyìí. Èdè méjì ló wà lára àwo náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Lárúbáwá. Nígbà tí bàbá ń yí i láti dé Àbámẹ́ta, lẹ́tà Lárúbáwá yẹn ń kọjá nínú fèrèsé, ó sì yà mí lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bàbá mi ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ tí mo bá jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ti gbàgbé ìyẹn pátápátá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

---

Oníṣẹ́Aago_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 7:45 alẹ́

Àpọ́nlé ni o ṣe fún mi pé o wá. Má fi rọ́bà tuntun yẹn gbójú lé odò o. 30 mítà tí wọ́n kọ fún un kì í ṣe ti ìwẹ̀. Ọwọ́ fífọ̀ àti òjò díẹ̀, ó tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, máa fi í wé aago fóònù ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó o sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

---

ỌmọÌkòròdú · Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, 9:10 alẹ́

Bàbá, ọjọ́ méje rèé: 14 ṣáájú, 13, 15, 12, 14, 16, 13. Ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo rẹ̀. Mo máa ń dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n lè rí kẹ̀kẹ́ náà kí n tó pa iná.

---

Oníṣẹ́Aago_Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 9:34 alẹ́

Ó dáa gan-an. Ó ń rìn gúnrégé, sísáré rẹ̀ nìkan ni. Kó o tó gbé e padà wá fún mi, gbé e sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún òru mẹ́ta, kí kókó kọjú sókè. Bí a ṣe gbé aago sùn máa ń yí ìrìn rẹ̀ padà. Kọ ti mẹ́ta yẹn náà sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́ Rú.